Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ sí

Káfíńtà ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn: ilẹ̀kùn, wọ́dúróòbù, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, àga. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì lè kà á. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àìmọ̀wé ló kó bá mi. Lẹ́tà méjì péré, P àti C, ló so owó iṣẹ́ mi rọ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá, àwọn náà ló sì gba ₦209,000 tí mo ti kà mọ́ èrè lọ́wọ́ mi. Mo ń kọ ọ́ torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì ń bẹ lónìí, bíríkìlà ni o, oníṣẹ́ iná ni o, télọ̀ tó fẹ́ gba iṣẹ́ aṣọ iléèwé ni o, tó ti mú bírò dání níwájú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta ní Akóbọ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ilẹ̀kùn méjìdínlógójì àti wọ́dúróòbù méjìlá ni wọ́n fẹ́. Mi ò gba iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Kó tó dìgbà yẹn, àdéhùn ẹnu ni mo máa ń bá oníbàárà ṣe, tàbí kí n kọ iye owó sórí rìsíìtì mi, kí àwa méjèèjì fọwọ́ sí i, ó parí. Èyí yàtọ̀. Ìwé ojú-ewé mọ́kànlá ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún mi, wọ́n sì so àtẹ iye owó iṣẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, èyí tí gbogbo àwọn tó ń kọ́lé ń pè ní BOQ.

Gbogbo owó náà jẹ́ ₦6,400,000. Wọ́n á fún mi ní 30% kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ₦1,920,000. Wọ́n á san 40%, ₦2,560,000, bí mo bá ti kó gbogbo igi dé ibi iṣẹ́. 30% tó kẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ báyìí: "on PC, less 5% retention, DLP 6 months", ìyẹn ni pé bí PC bá dé ni wọ́n á san án, wọ́n á sì fi 5% pamọ́ títí DLP oṣù mẹ́fà fi máa parí.

Mi ò bèèrè ohun tí PC jẹ́. Mo ti rò ó títí lẹ́yìn ìgbà náà, ìdí tí mi ò fi bèèrè ni pé ojú ń tì mí. Ọmọkùnrin tó mú ìwé náà wá kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ń pè mí ní bàbá, ó ń ṣí ojú-ewé fún mi, ó ń fi ìka tọ́ka: "Ẹ fọwọ́ síbí, sà. Ẹ tún fọwọ́ síbí." Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì dúró lẹ́yìn mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ kí ọ̀gá wọn máa bi ọmọdé léèrè ìtumọ̀ lẹ́tà méjì. Mo wá túmọ̀ rẹ̀ fúnra mi: P ni "project", C ni "completion", bí mo bá ti parí iṣẹ́ mi. Mo bi í léèrè ẹyọ kan: "Tí a bá ti fi gbogbo ilẹ̀kùn sí, owó mi á pé?" Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, bàbá." Mo fọwọ́ sí i.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi tọ́ mi. Ìkékúrú inú ìwé àdéhùn náà, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n inú ẹni tó ń kà á ló ti ń di odindi, ohun tó dà nínú mi kọ́ ló sì dà nínú agbaṣẹ́ṣe. Bí ẹ bá dúró ní agboolé wa ní Òjé tí ẹ pe "Adé", èèyàn mẹ́ta ló máa dáhùn. Ẹ ṣì lè yíjú sí èyí tí ẹ ń pè nínú wọn. Ìwé kì í yíjú sí ẹnìkan.

PC tó kọ́kọ́ bù mí jẹ kò sí lójú-ewé tí wọ́n ti kọ bí wọ́n ṣe máa sanwó. Inú BOQ ló wà, níbi lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn: "Allow PC ₦15,000 per lockset". Mo ṣírò rẹ̀. Lọ́ọ̀kì méjìdínlógójì, ₦570,000. Mo lọ sí Ògùnpa, mo dúnàá dúrà títí ẹnu fi gbẹ mí, mo ra lọ́ọ̀kì tó dára, tí ayàwòrán-ilé wọn sì gbà, ní ₦9,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ₦209,000 tó ṣẹ́kù, èrè mi nìyẹn. Mo ti fi ọkàn sí ẹ̀rọ ìfági tuntun tí mo máa fi owó yẹn rà. Wọ́n ní kí n kó rìsíìtì lọ́ọ̀kì wá fún fáìlì, mo kó o fún wọn tayọ̀tayọ̀.

Ẹ ó rántí bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ṣe rí. Owó tuntun kò sí, owó àtijọ́ kò ṣe é ná, èèyàn á tò sí bánkì láti ìdájí, á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Awakọ̀ tó ń bá mi kó ilẹ̀kùn láti ṣọ́ọ̀bù lọ sí Akóbọ̀ kò gba tíránsífà, ìyàwó mi ló ń fi owó ọjà rẹ̀ san owó ọkọ̀. Síbẹ̀ a ṣe iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí ìdìbò ààrẹ ku ọ̀la, ọjọ́ 24 oṣù Kejì, ni a fi ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn sí. Mo ṣí i, mo tì í, kò ha, kò dún. Ọ̀gá tó ń bójú tó ibi iṣẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹta mo lọ béèrè owó. Wọ́n ní PC kò tíì dé. Mo ní, "Mo ti parí ná." Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti parí, ṣùgbọ́n PC kò tíì dé. Mo padà lọ ní oṣù Kẹrin, ọ̀rọ̀ kan náà. Ní òpin oṣù Karùn-ún, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọkọ̀ wọ́n. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀, gbogbo ohun tó bá ti òkè òkun wá gbówó lórí, gúlù, ìṣó, hínjì, bọ́ọ̀dù. Owó mi ṣì wà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, iye kan náà, ó kàn ń fún lójoojúmọ́ ni.

Mo ti yá ₦800,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa láti fi parí iṣẹ́ náà. Mo tún jẹ ìyá onípákó kan ní ọjà pákó Bódìjà ní ₦450,000 owó igi apá àti igi ọmọ̀ tí mo gbà láwìn. Ìyá náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan nínú oṣù Keje. Kò pariwo. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó ní, "Bàbá, èmi náà jẹ ẹni tó gbé igi wá láti oko." Ká ní ó bú mi ni, ì bá yá mi lára. Mo ta ẹ̀rọ ìgégi mi kan, mo san díẹ̀ fún un. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tó yẹ kó gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́dún yẹn lọ sílé, kò padà. Mi ò bá a wí. Mi ò rí iṣẹ́ fún un.

Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n fi ìwé ìṣirò kan ránṣẹ́ sí mi. Ìlà kan wà nínú rẹ̀ pé "PC adjustment", wọ́n sì kọ 209,000 sínú àkámọ́ níwájú rẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé owó tí wọ́n bá kọ sínú àkámọ́ nínú ìwé ìṣirò, owó tí wọ́n yọ ni. Mo tilẹ̀ dunnú, mo ní wọ́n ti fẹ́ san án fún mi.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ QS, àwọn tó ń ṣírò iye tí ilé máa ná èèyàn. Mo ti bá a tún àga ṣe rí. Mo gbé ìwé méjèèjì lọ bá a ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan. Ó gbé ojú-ewé ìsanwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ BOQ, ó fi bírò yí PC méjèèjì ká, ó ní, "Ẹ wò wọ́n dáadáa. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá."

Ó ní èyí tó wà nínú BOQ, "Prime Cost" ni. Owó tí wọ́n dá sọ́tọ̀ ni fún ohun tí wọn ò tíì mọ iye tí wọ́n máa rà á. Bí wọ́n bá wá rà á tán, iye orí rìsíìtì ló máa dípò owó yẹn. Ká ní mo ra lọ́ọ̀kì náà ní ₦20,000, wọ́n máa fi ₦5,000 kún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rà á ní ₦9,500, torí náà wọ́n yọ ₦5,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó náà kò fìgbà kan jẹ́ tèmi. Ẹni tó bá mọ̀ á ti wá èrè rẹ̀ lọ síbòmíì: ó máa kọ owó ìfisí àti owó làálàá rẹ̀ sí ìlà ọ̀tọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èmi kò kọ ọ́, gbogbo ìrìn tí mo rìn lọ sí Ògùnpa wá di ọ̀fẹ́.

Èyí tó wà lójú-ewé ìsanwó, "Practical Completion" ni. Mo ní kó sọ ọ́ lédè tó máa wọ̀ mí létí. Ó ní ọjọ́ tí ayàwòrán-ilé bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí pé ilé ti tó lò, pé àṣekù kéékèèké nìkan ló kù, ọjọ́ náà ni PC. Ohun púpọ̀ so mọ́ ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ náà ni onílé ń gba ilé rẹ̀, ọjọ́ náà ni owó ìtanràn ìdádúró ń dáwọ́ dúró, ọjọ́ náà sì ni wọ́n ti ń ka DLP, àsìkò tí agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ fi tún ohunkóhun tó bá bàjẹ́ ṣe. Mo bi í pé ilé wo ni wọ́n ń sọ, ilẹ̀kùn mi àbí ilé? Ó ní ilé. Gbogbo ilé, látorí òrùlé dé ibi omi ìdọ̀tí. Oníṣẹ́ iná kò tíì parí, ẹni tó ń lẹ táìlì ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ nítorí owó, onílé fúnra rẹ̀ ti tán lọ́wọ́. Mo ti so owó mi mọ́ iṣẹ́ àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí.

Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó tó ìgbà mẹ́rin tí mo ti ka ojú-ewé yẹn kí n tó fọwọ́ sí i.

Mo lọ bá lọ́yà kan ní Ìyágankú. Kò jẹ́ kí n ròyìn. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé ìwé wá, ìtàn á tẹ̀lé e. Nígbà tó kà á tán, ó bi mí bóyá wọ́n ka ìwé náà fún mi kí n tó fọwọ́ sí i. Mo ní rárá, mo lè kàwé. Ó mi orí. Ó ní òfin kan wà tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé, tó ní ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kó túmọ̀ rẹ̀ fún un, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Ìwé mẹ́wàá tí mo kà ti mú mi kúrò lábẹ́ òrùlé yẹn. Òye tó yẹ kó tẹ̀lé ìwé mẹ́wàá ni mi ò tíì ní.

Mo sọ ohun tí ọmọkùnrin yẹn sọ fún mi, pé kí n má ṣèyọnu. Lọ́yà ní abala 128 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kì í jẹ́ kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ ẹnu yí ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn padà. Abala tó tẹ̀lé e, 129, ló yà mí lẹ́nu. Ó ní òfin náà dárúkọ ìkékúrú gan-an: ilé ẹjọ́ lè gba ẹ̀rí lórí ohun tí ìkékúrú kan túmọ̀ sí nínú ìwé. Inú mi dùn, mo ní ẹ jẹ́ ká mú ẹlẹ́rìí wá nígbà náà. Ó wò mí, ó ní, "Ta ni wọ́n máa pè? Ayàwòrán-ilé àti QS ni. Kí ni wọ́n máa sọ?" Mo ti mọ ìdáhùn. Bàbá àdúgbò wa ti sọ ọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó tún ṣàlàyé pé bí ọ̀rọ̀ inú ìwé bá ní ìtumọ̀ méjì lóòótọ́, tí kò sí ohun mìíràn tó lè là á, ilé ẹjọ́ lè túmọ̀ rẹ̀ lòdì sí ẹni tó kọ ọ́. Ìrètí díẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wá tọ́ka sí gbólóhùn kan lójú-ewé kejì tí mo ti fò kọjá: pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí ní ìtumọ̀ tí wọ́n ní nínú ìwé àdéhùn àgbà, èyí tó wà láàárín onílé àti agbaṣẹ́ṣe. Mi ò rí ìwé àdéhùn àgbà yẹn rí. Mi ò béèrè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún wa ní ẹ̀dà rẹ̀, PC wà níbẹ̀ lábẹ́ "Definitions", wọ́n kọ ọ́ ní kíkún, kedere.

Ó kọ lẹ́tà pẹ̀lẹ́ sí wọn. Kò halẹ̀, ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ mi ti pé láti oṣù Kejì, ó sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n san apá kan. Wọ́n san ₦600,000 ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ayàwòrán-ilé fọwọ́ sí PC ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n san ₦791,000. ₦320,000 tó jẹ́ 5% tí wọ́n fi pamọ́ dé ní oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn DLP. Gbogbo rẹ̀ pé, mi ò lè sọ pé wọ́n jẹ mí ní kọ́bọ̀. Mo gbé ti oṣù Kẹrin lọ sí Bódìjà, mo kọ́kọ́ san gbèsè ìyá onípákó, mo fi èyí tó kù ra pákó. Igi tí ì bá kún ọkọ̀ ní oṣù Kejì ọdún tó ṣáájú kò kún ìdajì rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ní ìwé kékeré kan lápò, tí mo ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí bí mo bá ti pàdé wọn. Mo padà ka fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó alájẹṣẹ́kù wa, mo rí "2% p.m.", 2% lóṣooṣù. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ń kà á bíi pé p.a. ni, 2% lọ́dún. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀, ó sì fi ìlọ́po méjìlá ju ara wọn lọ. P.A. kan náà, bí ẹ bá gbé e kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó, tí ẹ gbé e dé ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ó di "Power of Attorney". Aládùúgbò mi kan ra ilẹ̀ ní Mọ́níyà, ó ní ẹbí ti fún òun ní P.A., ilẹ̀ ti di tòun. Lọ́yà sọ fún un pé ìwé tó ń fúnni láṣẹ láti ṣe nǹkan lórúkọ ẹlòmíì ni, kò gbé ilẹ̀ fúnni bí ìwé ìtajà ṣe ń gbé e. Ó ṣì ń sáré ìwé tó yẹ títí di òní.

N/A náà ń ṣe ọṣẹ́, àwọn èèyàn kì í kíyè sí i. Arákùnrin kan tó ń kun ilé fẹ́ gba iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí owó orí rẹ̀ kò tíì jáde, ó kọ N/A sí iwájú rẹ̀, ohun tó ní lọ́kàn ni "not available", pé kò tíì sí lọ́wọ́. Àwọn tó gba fọ́ọ̀mù kà á sí "not applicable", pé kò kan án, wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ká ní ó kọ "mo ti san án, ìwé ń bọ̀" ní kíkún, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni WHT, "withholding tax", owó orí tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ kí wọ́n tó sanwó fún yín. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé wọ́n jí i lówó ni, kò sì ní béèrè ìwé ẹ̀rí tó lè fi dín owó orí tirẹ̀ kù.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí kò le. Mo máa ń gbé ìwé lọ sílé, mi ò ń fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀ mọ́. Mo ń fa ìlà sábẹ́ gbogbo lẹ́tà ńlá tó bá dúró láìsí ọ̀rọ̀, bó bá jẹ́ ibi mẹ́ta ni kan náà ti fara hàn, mo ń bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ìwé bá dárúkọ ìwé mìíràn, mo ń béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Ìtumọ̀ tí wọ́n bá sì sọ fún mi, inú ìwé gan-an ni mo ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, mo gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn ní Jẹ́ríkò. PC tún wà nínú ìwé wọn, níbi mẹ́ta. Mo bi ẹnjiníà ibi iṣẹ́, ọmọ tó mọ̀wé dáadáa. Ó ní "Practical Completion" ni gbogbo wọn. QS wọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní rárá, èyí tó wà níbi hínjì àti lọ́ọ̀kì kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jọ wo ìwé náà, wọ́n wo ara wọn, wọ́n pe ayàwòrán-ilé lórí fóònù. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìdajì wákàtí lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnjiníà mú bírò, ó fa PC rẹ́ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kọ ọ̀rọ̀ náà ní kíkún sókè rẹ̀. Lójú-ewé ìsanwó, ó kọ ọ́ pé wọ́n á san owó mi ní ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí ayàwòrán-ilé bá yẹ ilẹ̀kùn wò tó sì gbà á. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan.

Mo ti ń dìde kí ẹnjiníà tó fi ìka kan ojú-ewé tó tẹ̀lé e. Ó ní, "Ẹ jókòó díẹ̀ sí i, bàbá. LD wà níbí."